I3S: ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún kíka àkùràkudà onítìjú, ibi tó ti dáa àti ibi tó ti lè ṣini lọ́nà

Àkùràkudà kan wà ní etíkun South Africa tí ẹ kò lè rí níbòmíràn láyé. Haploblepharus edwardsii ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn òmùwẹ̀ ibẹ̀ fi paramọ́lẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ nítorí pé awọ ara rẹ̀ jọ ti ejò yẹn, wọ́n sì fi ìtìjú kún un nítorí ìwà rẹ̀: bí ẹ̀rù bá ti bà á, yóò ká ara rẹ̀ roboto bí òṣùká, yóò sì fi ìrù bo ojú. Àkùràkudà onítìjú la óò máa pè é níbí. Kò tóbi rárá. Èyí tó bá gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, àgbà ni láàárín wọn. Àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun.

Ẹyin ló ń yé, méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò líle kékeré tirẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé ó ń tó bí ọdún 7 kó tó dàgbà débi tó lè bí irú rẹ̀, ó sì lè lo ọdún 22, ó kéré tán. Ẹ̀dá tó ń pẹ́ dàgbà, tí ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀, kì í tètè kún padà bí àwọ̀n bá ti kó o tán níbì kan. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní 2006: wọ́n ya èyí tó ń gbé ní apá KwaZulu-Natal sọ́tọ̀ pé ẹ̀yà mìíràn ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Haploblepharus kistnasamyi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni iye ti edwardsii dínkù lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹja kankan kú. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: mélòó ló kù lórí àpáta yìí, mélòó ló kù lórí tọ̀hún?

A kò lè ka ohun tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí pélé tàbí gọ̀m̀bọ́ lójú èèyàn mọ ibi tó ti wá. Ti àkùràkudà onítìjú tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àmì funfun kéékèèké tó tú ká sórí rẹ̀ àti sára ọ̀já pupa rẹ́súrẹ́sú ẹ̀yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹja kan pàtó, kì í ṣe sí ìdílé. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ I3S ń ṣe ni pé ó ń bá yín fi àmì tó wà nínú fọ́tò kan wé ti gbogbo fọ́tò tí ẹ ti kó pamọ́, kó lè sọ èyí tó jọ ọ́ jù.

Jurgen den Hartog àti Renate Reijns ló kọ I3S. Carcharias taurus, àkùràkudà ńlá tí wọ́n ń pè ní raggedtooth ní South Africa, ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, ìwádìí náà sì jáde ní 2007. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi oríṣi mìíràn kún un. Classic ń lo ibi tí àmì wà nìkan. Spot ń lo ibi tí àmì wà pẹ̀lú bí ó ṣe tóbi tó. Contour ń wo etí lẹbẹ tàbí etí ìrù. Pattern ń fa àmì yọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Straighten sì wà fún títọ́ àwòrán ẹ̀dá tó bá tẹ̀ kọdọrọ.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sí owó oṣooṣù, orí kọ̀ǹpútà yín ni fọ́tò yín ń gbé, iṣẹ́ sì ń lọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí dátà ti wọ́n tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró mọ bí èyí ṣe ṣe pàtàkì tó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 la fún un. Ìràwọ̀ kan tí a yọ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ojú rẹ̀ ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹwà. A yọ ọ́ nítorí pé ètò náà kì í kìlọ̀ fún ẹni tó ń lò ó nípa àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí: bí fọ́tò ẹja kan bá dé lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ kò sì dá a mọ̀, ẹja kan ti di méjì nínú ìwé yín. Nípa ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. A óò padà sórí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà.

Fọ́tò la ti ń ṣe é tàbí bà á jẹ́

Ìdá tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ń dá I3S lẹ́bi fún, kámẹ́rà ló fà á. Òòró ni ẹ gbọ́dọ̀ wo ẹja náà láti òkè, kí ojú kámẹ́rà dọ́gba gẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá fì ju dígíríì 30 lọ sí ọ̀nà kankan, àmì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan yóò sún mọ́ra, ti ẹ̀gbẹ́ kejì yóò tàn ká, ìṣirò ètò náà kò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Ẹ̀yìn ló dára ju ẹ̀gbẹ́ lọ fún ẹja yìí. Orí ilẹ̀ òkun ló máa ń sùn lé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì máa ń kọ sókè. Lẹ́yìn èyí, àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò jọ ti òsì: ẹni tó bá ń ya ẹ̀gbẹ́ yóò ní ẹja tí ó mọ ọ̀tún rẹ̀ nìkan àti ẹja tí ó mọ òsì rẹ̀ nìkan, kò sì ní mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti kàn án, ó di òṣùká, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ dúró sókè rẹ̀ ní bí 50 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ rọra tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí hóró afẹ́fẹ́ má baà dà á láàmú. Ẹ ya tó fọ́tò 5 sí 8 lára ẹja kọ̀ọ̀kan, kí ara rẹ̀ sì nà tààrà nínú méjì wọn, ó kéré tán. Bí ó bá ti ká kò, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wá òmíràn lọ ná. Nínú igbó ewéko òkun tó wà ní False Bay, lẹ́bàá Cape Town, ìrú omi máa ń gbé òmùwẹ̀ lọ gbé e bọ̀. Àkókò tí kò yẹ kí ẹ ya fọ́tò ni ìgbà tí omi ń gbé yín. Ẹ dúró kí ìrú náà dé òpin rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo nǹkan máa ń dúró jẹ́ẹ́ kí omi tó yí padà. Àkókò yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣètò ìyára kámẹ́rà sí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀tàn mẹ́ta wà tó máa ń bí àmì funfun tí kò sí lára ẹja. Àkọ́kọ́ ni iná kámẹ́rà. Omi Cape Town kì í mọ́ gaara nígbà gbogbo. Ìdọ̀tí wíńníwínní máa ń léfòó nínú rẹ̀, bí iná bá sì tàn lù ú láti iwájú, ẹyọ ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan á di tóótó funfun nínú fọ́tò, á sì jọ àmì ara ẹja bí ìbejì. Ẹ na apá iná náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti bí dígíríì 45, kó má baà tan ìdọ̀tí tó wà níwájú ojú kámẹ́rà. Ìkejì ni yanrìn. Hóró yanrìn funfun tàbí èérún ìkarahun máa ń bà lé e lẹ́yìn nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Ìkẹta ni oòrùn: nínú omi tí kò jìn, ìmọ́lẹ̀ máa ń jó lórí ilẹ̀ òkun bí okùn funfun tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì máa ń fa ilà sí ẹ̀yìn ẹja.

Ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣí fọ́tò méjì tí ẹ yà tẹ̀ léra wọn lára ẹja kan náà, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì tẹ àmì tó hàn nínú méjèèjì nìkan. Ìdọ̀tí inú omi kì í dúró sójú kan láàárín fọ́tò méjì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dúró. Yanrìn lè dúró, àmọ́ bí ẹ bá fẹ àwòrán náà tóbi, ẹ óò rí i pé etí rẹ̀ mú, òjìji rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì tòótọ́ kò ní òjìji, inú awọ ló wà.

Ti àwọ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Bí a bá ti ń jìn sínú omi, pupa ló kọ́kọ́ ń pòórá, ọ̀já pupa ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di eérú. Classic àti Spot kò wo àwọ̀ rárá, ibi tí àmì wà ni wọ́n ń wò. Fọ́tò tí a yà láìsí iná lè wúlò bí ó bá mọ́lẹ̀ tó.

Bí a ṣe ń lò ó

Fún ẹja yìí, Classic ni kí ẹ mú. Àmì ara rẹ̀ kéré débi pé kò sí èrè nínú wíwọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ nínú Spot, ìwárìrì ọwọ́ yín lórí máòsì ni ẹ óò máa wọ̀n. Pattern ń fa ojú mọ́ra nítorí pé ó dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì ara, hóró yanrìn àti ilà oòrùn. Ohun gbogbo tó bá yàtọ̀ sí àyíká rẹ̀ ló máa mú. Lára ẹ̀dá tí a ya nínú yàrá lórí bébà funfun, ó dára. Lórí ilẹ̀ òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ara yín tẹ àmì.

Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan fún gbogbo àkójọ, kí ẹja kọ̀ọ̀kan sì ní fódà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ fódà yẹn ni orúkọ ẹja náà. Ẹ má lo orúkọ àwàdà. Ẹ lo ohun tó lè tò tẹ̀ léra, bíi HE001, HE002. Kí orúkọ fọ́tò fúnra rẹ̀ sọ ibi tí a ti yà á, ọjọ́, ẹja ẹlẹ́ẹ̀mélòó lọ́jọ́ náà, àti apá ara tó hàn. Ẹ dín fọ́tò kù sí bí píksẹ́lì 2,000 ní gígùn kí ẹ tó ṣí i, kó má baà máa fà.

Bí ẹ bá ṣí fọ́tò tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí ètò náà ń béèrè ni ibi ìtọ́kasí mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yìí ló fi ń yí àwòrán kan padà kó lè dọ́gba pẹ̀lú èkejì ní ìtóbi àti ní ìdojúkọ. Lórí àkùràkudà onítìjú, ibi tí a dámọ̀ràn ni ṣóńṣó imú, ìdí lẹbẹ àyà ọ̀tún níbi tó ti kọ́kọ́ so mọ́ ara, àti ti òsì. Ìdí rẹ̀ ni pé orí kì í tẹ̀. Ẹ̀yìn láti lẹbẹ àyà dé ìrù máa ń lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì, lẹbẹ ẹ̀yìn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jìnnà gan-an sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi lẹbẹ ẹ̀yìn ṣe ibi ìtọ́kasí kẹta ń so òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́ ohun tó ń mì. Bí ọ̀ràn bá di dandan pé ẹ̀yìn nìkan ni fọ́tò náà ní, ẹ kọ́kọ́ gbé e gba inú Straighten.

Ẹ tẹ àwọn ibi mẹ́ta náà pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ ti fẹ àwòrán tóbi. Àṣìṣe díẹ̀ níbẹ̀ kò hàn lára àmì tó wà láàárín wọn, àmọ́ bí àmì bá ṣe jìnnà sí wọn tó ni àṣìṣe náà ṣe ń fẹ̀ sí i. Nítorí náà, àmì tó wà láàárín ibi mẹ́ta yẹn àti díẹ̀ lẹ́yìn lẹbẹ àyà ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ àárín gbùngbùn àmì kọ̀ọ̀kan. 15 sí 30 dára. Bí ẹ kò bá rí tó 12 tó dá yín lójú, ẹ pa fọ́tò náà tì. Ó dùn ún sọ ju ṣíṣe lọ, a mọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ rí mú bọ̀ láti inú omi tútù. Ṣùgbọ́n fọ́tò burúkú tí ẹ fi sínú àkójọ kò ní dúró jẹ́ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹja yẹn bá padà wá, kò ní bá ara rẹ̀ mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kó wá a. Àtòjọ kan máa jáde, pẹ̀lú máàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Máàkì tó kéré jù ló dára jù, nítorí pé ìjìnnà láàárín àmì ló ń wọ̀n. Ibí ni àwọn tuntun ti máa ń ṣubú: wọ́n á wo ẹni tó wà lókè àtòjọ, wọ́n á ní òun ni, tàbí kí wọ́n ní kò jọ ọ́ kí wọ́n sì kọ ẹja tuntun sílẹ̀. Kò sí máàkì kan pàtó tó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ètò náà ń to àwọn afurasí, ẹ̀yin ni adájọ́. Ẹ ṣí ìfiwéra, kí ẹ wo fọ́tò méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wá ìdìpọ̀ àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní ìrísí tirẹ̀, bóyá bí ààrò onígun mẹ́ta tàbí bí ìlà tó kọ́, kí ẹ rí i nínú méjèèjì. Ìdìpọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bára mu láìsí èyí tó takò wọ́n, ẹja kan náà nìyẹn. Kí ẹ tó sọ pé ẹja tuntun ni, ẹ wo 20 àkọ́kọ́ nínú àtòjọ tán pátápátá. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ ìdáhùn yín náà wò ó lọ́tọ̀.

Ohun tí àìríbáramu kan ń ná wa

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi fọ́tò ṣírò iye ẹja ni ti àwọn onímọ̀ Lincoln àti Petersen, pẹ̀lú àtúnṣe onímọ̀ Chapman fún iye kékeré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dá ẹja 40 mọ̀ lórí àpáta kan. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rí 30, tí 12 nínú wọn jẹ́ àwọn tí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ fi 1 kún 40, ẹ fi 1 kún 30, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn: 41 lọ́nà 31 jẹ́ 1,271. Ẹ fi 1 kún 12, ẹ pín 1,271 sí 13, kí ẹ yọ 1. Ó di bí ẹja 97.

Ẹ wá wò ó: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá dá 4 mọ̀ nínú àwọn 12 yẹn, bóyá nítorí pé ara wọn tẹ̀ nínú fọ́tò? Àwọn tó bára mu di 8. A ó pín 1,271 sí 9, a ó yọ 1. Ó di 140. Ẹja 43 tí kò sí nínú omi ti wọ inú ìròyìn, ẹni tó bá sì fẹ́ fún àwọn ọkọ̀ apẹja láyè lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ jẹ́ ẹni tó le lórí fọ́tò tó ń wọlé, kí ẹ sì jẹ́ onísùúrù lórí wíwá ìbáramu. Àṣìṣe òdì kejì, ìyẹn pípe ẹja méjì ní ọ̀kan, wà lóòótọ́, ó sì ń dín iye kù, ṣùgbọ́n kì í wọ́pọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ lé òfin ìdìpọ̀ àmì méjì.

Ìṣirò yìí tún ní ohun tó ń béèrè: kò gbọdọ̀ sí ẹja tó kú, tó dé, tàbí tó lọ láàárín ìgbà méjèèjì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé fara mọ́. Fún ọdún méjì, rárá. Bí iṣẹ́ bá ti gùn, ẹ kọ ìtàn ẹja kọ̀ọ̀kan ní oókan àti òdo. 1011 túmọ̀ sí pé a rí i nígbà àkọ́kọ́, a kò rí i nígbà kejì, a sì rí i nígbà kẹta àti ìkẹrin. Ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú ètò MARK, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kó lè ya ikú sọ́tọ̀ kúrò lára àìrí. I3S fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣirò yìí. Ó ń dá ẹja mọ̀, ibẹ̀ ló dúró sí.

Ohun mìíràn tó kọjá agbára rẹ̀

Kò mọ gígùn. Ẹ lè so léésà méjì mọ́ kámẹ́rà, kí àlàfo wọn jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà gẹ́ẹ́, kí àmì méjèèjì bọ́ sẹ́yìn ẹja náà. Bí àlàfo náà bá jẹ́ píksẹ́lì 200 nínú fọ́tò, tí ẹja jẹ́ 960, ẹja náà jẹ́ 48 sẹ̀ǹtímítà. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ tan wọ́n sára ògiri ní ìdajì mítà àti ní mítà kan. Bí wọn kò bá lọ ní ìbádọ́gba, tí 10 ti di 11 níbi tí ẹja wà, ẹja tó jẹ́ bí 53 ni ẹ óò kọ ní 48. Ẹ má tàn án sí ojú ẹja, ẹ má tàn án sí ojú ẹnì kejì yín.

Kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Akọ ní ọ̀pá méjì bí ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ ikùn, àmọ́ láti òkè, lẹbẹ lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó di dandan kí ẹ fi fọ́tò kan láti ẹ̀gbẹ́ kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yàtọ̀. Ọjọ́ orí ńkọ́? Fọ́tò kankan kò lè sọ ọ́.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà nípa àwọn ọmọdé. Láàárín àwọn ìbátan rẹ̀ ní etíkun kan náà, Poroderma pantherinum, tó jọ àmọ̀tẹ́kùn lára, máa ń yí àmì rẹ̀ padà bó ṣe ń dàgbà. Ẹ má kàn gbà pé ti onítìjú dúró sójú kan láti ọjọ́ tó jáde nínú ẹyin. Ẹ pa àwọn ọmọdé mọ́ nínú àkójọ ọ̀tọ̀, ẹ máa fi fọ́tò tuntun kún fódà ẹja kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá tún rí i, kí ètò náà lè máa fi ti ọdún yìí wé ti èṣí, kì í ṣe ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Bí a bá fi wé àwọn mìíràn

Àmì oníke tí wọ́n ń gún mọ́ ẹja lára wúlò fún ẹja ńlá tí apẹja ń fi ìwọ̀ mú. Lára ẹja tí kò tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ewédò máa ń hù bò ó, ó sì lè já bọ́. Bí ó bá já bọ́, ẹja kan ti tún di méjì nìyẹn. Àmì ara kì í já bọ́. Ẹ̀rọ tó ń ké lábẹ́ omi, tí wọ́n ń fi sínú ẹja kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ, ń dáhùn ìbéèrè mìíràn, owó rẹ̀ sì pọ̀. Sharkbook, ètò mìíràn tó ń fi àmì ara dá àkùràkudà mọ̀, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rhincodon typus, ẹja tó tóbi jù lọ láyé, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, wọ́n sì yá ọ̀nà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run fi ń dá ìdìpọ̀ ìràwọ̀ mọ̀. Ó dára fún iṣẹ́ tí òmùwẹ̀ púpọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń dá fọ́tò sí. Fún àpáta kan, ẹja kan, àti ẹni mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù kan, I3S ni a óò mú.

Fọ́tò tí àwọn olùgbafẹ́ ń gbé sórí iNaturalist, ìkànnì fọ́tò ẹ̀dá inú ayé, wà lọ́pọ̀ yanturu, ẹ sì lè gbìyànjú wọn. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yà, tàbí kí ẹja ti di òṣùká nítorí pé ẹnìkan ti gbé e lọ́wọ́. Nínú agbègbè òkun tí ìjọba South Africa dáàbò bò, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gba ti ìwádìí lọ́tọ̀ bó bá jẹ́ ìwádìí ni.

Kí ẹ tó gbé nọ́ńbà kankan jáde, ẹ dán ara yín wò. Ẹ mú ẹja 50 tí ẹ ní fọ́tò dáadáa méjì fún láti inú ìwẹ̀ kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sínú àkójọ, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n sì fi èkejì wá a bí àlejò. Bí 5 bá sọnù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ń pàdánù. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, bí ẹ bá rí ìbáramu 9, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 10 ni. Iye á bọ́ láti 126 sí bí 115. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé fọ́tò méjì láti inú ìwẹ̀ kan náà rọrùn ju èyí tí ọdún kan wà láàárín wọn, nítorí náà ìdá mẹ́wàá yẹn ni èyí tó kéré jù tí ẹ lè máa pàdánù.